Gbígbá Kíríkẹ́ẹ̀tì Nínú Ẹgbẹ́ Àdúgbò ní Ìbàdàn, Láti Ọjọ́ Àkọ́kọ́ Títí Dé Ìfẹ̀yìntì: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn ọ̀dọ́, àwọn òbí àti àwọn àgbàlagbà tó máa ń yà dúró wo eré wa ní ẹ̀bá pápá sábà máa ń bi wá. A dá wọn lóhùn fún ẹni tó ń gbé ní Ìbàdàn, tó ní iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ lọ́tọ̀, tí kò retí kọ́bọ̀ nídìí kíríkẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n tó fẹ́ gbá a dáadáa fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èrò wa ni pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ìtàn eré tó yẹ ní kíkọ sílẹ̀ bí a ṣe ń kọ ti àwọn gbajúmọ̀, ìdí sì nìyí tí ọ̀rọ̀ ìwé àkọsílẹ̀ fi gba àyè púpọ̀ nínú àwọn ìdáhùn wa.

Ta ni ẹ̀ ń pè ní eléré ẹgbẹ́ àdúgbò?

Ẹni tó ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì nítorí pé ó fẹ́ràn rẹ̀ ni, kì í ṣe nítorí owó oṣù. Olùkọ́ wà nínú wọn, akẹ́kọ̀ọ́ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni oníṣòwò, nọ́ọ̀sì àti mẹkáníìkì. Òun fúnra rẹ̀ ló ń san owó ẹgbẹ́, òun ló ń wọkọ̀ wá sí pápá, òun náà ló sì ń bá àwọn yòókù tẹ́ ẹní sórí ojú ìjubọ́ọ̀lù ní àárín pápá kí eré tó bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n á jọ ká a nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú. Ẹni tó fi eré ṣe iṣẹ́ sábà máa ń kógbá wọlé kí ó tó pé ẹni ogójì ọdún. Eléré àdúgbò lè bẹ̀rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kí ó sì máa gbá a lọ títí àwọn ọmọ rẹ̀ yóò fi bá a wọ ikọ̀ kan náà.

Ṣé eré òyìnbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìbàdàn ni?

Òyìnbó ló gbé e wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní ọdún 1904 ni ikọ̀ Èkó ti kojú ikọ̀ Gold Coast, ilẹ̀ tí a mọ̀ sí Gánà lónìí, èyí tó fi hàn pé eré náà ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní etíkun wa kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ ńlá wa tó wà. Ní Ìbàdàn, àwọn ilé ẹ̀kọ́ ló gbà á tọ́. Government College tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1929, tó wà ní Apátá, fi àyè ńlá gba kíríkẹ́ẹ̀tì, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó jáde níbẹ̀ ló sì tún ń fi ayọ̀ sọ̀rọ̀ nípa aṣọ funfun àti pápá náà. Nígbà tí Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1948, eré náà bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ ibẹ̀. Yunifásítì yẹn kan náà ló gba àlejò ìdíje NUGA, ìyẹn ìdíje eré ìdárayá àwọn yunifásítì Nàìjíríà, àkọ́kọ́ ní ọdún 1966, kíríkẹ́ẹ̀tì sì wà lára eré tí àwọn yunifásítì ti máa ń fi díje níbẹ̀. Nàìjíríà di ọmọ ẹgbẹ́ ICC, àjọ tó ń ṣàkóso kíríkẹ́ẹ̀tì lágbàáyé, ní ọdún 2002.

Ohun tó dùn wá ni pé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ti gba ojú pápá lọ́wọ́ kíríkẹ́ẹ̀tì ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, débi pé ọmọ lè jáde ní ilé ẹ̀kọ́ tí bàbá rẹ̀ ti gbá kíríkẹ́ẹ̀tì láì fọwọ́ kan báàtì, igi pẹlẹbẹ tí a fi ń lu bọ́ọ̀lù, rí. Àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò ló ń di àlàfo yẹn báyìí, apá wọn kò sì ká gbogbo rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo gan-an ni wọ́n ṣe ń gbá a?

Ènìyàn 11 ló wà nínú ikọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ní àárín pápá ni ojú ìjubọ́ọ̀lù wà, gígùn rẹ̀ láti wíkẹ́ẹ̀tì kan sí èkejì jẹ́ mítà 20.12. Igi mẹ́ta tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ní ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì to ègé igi kékeré méjì lé lórí, ni wíkẹ́ẹ̀tì. Ajubọ́ọ̀lù yóò sáré wá, yóò na apá rẹ̀ gbọọrọ kọjá orí, yóò sì ju bọ́ọ̀lù sí ọ̀nà wíkẹ́ẹ̀tì tí alubọ́ọ̀lù ń fi báàtì dáàbò bò. Tí alubọ́ọ̀lù bá lù ú, òun àti ẹnìkejì rẹ̀ tó dúró ní ìpẹ̀kun kejì á sáré pààrọ̀ ipò, ìyẹn sì jẹ́ rọ́ọ̀nù kan. Tí bọ́ọ̀lù bá yí kọjá ààlà pápá, rọ́ọ̀nù 4 ni; tó bá fò kọjá láì kan ilẹ̀, 6 ni. Bọ́ọ̀lù mẹ́fà tí ẹnìkan jù léra ni ófà kan.

Alubọ́ọ̀lù yóò jáde tí bọ́ọ̀lù bá wó wíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, tí wọ́n bá hán bọ́ọ̀lù tó lù kí ó tó kan ilẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá dí bọ́ọ̀lù tí ì bá wó wíkẹ́ẹ̀tì, tàbí tí wọ́n bá fi bọ́ọ̀lù wó wíkẹ́ẹ̀tì kí ó tó sáré débẹ̀. Ọ̀nà mìíràn wà, àmọ́ mẹ́rin yìí ni ẹni tuntun yóò máa rí jù. Ọ̀pọ̀ ìdíje wa jẹ́ ti ófà 20 fún ikọ̀ kọ̀ọ̀kan, irú èyí tí àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ ní England ní ọdún 2003, nínú èyí tí ajubọ́ọ̀lù kan kò gbọdọ̀ jù ju ófà 4 lọ. Ó bá wa lára mu, nítorí pé eniyan lè ti ilé ìjọsìn dé kí ó sì tún gbá eré tán kí ilẹ̀ tó ṣú.

Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, n kò sì gbá a rí. Ṣé kò tíì pẹ́ jù?

Kò pẹ́ rárá, bí ẹ bá mọ ohun tí ẹ ń wá. Ẹ kò ní di ajubọ́ọ̀lù eléré sísá, ẹni tó ń fi ìyára ju bọ́ọ̀lù, nítorí pé ara ti gbó díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ẹ lè kọ́ bí a ṣe ń fi ọgbọ́n ju bọ́ọ̀lù tó ń yí, èyí tó máa ń yà bí ó bá kan ilẹ̀, ẹ lè di ẹni tí a fọkàn tán láti hán bọ́ọ̀lù, ẹ sì lè kọ́ bí a ṣe ń dúró ti wíkẹ́ẹ̀tì nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ bá ń fi ìwàǹwára jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ti gbá bọ́ọ̀lù orí tábìlì, tẹ́nìsì tàbí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ rí ti ní ojú àti ẹsẹ̀ fún un. Ẹni tó ti jẹ́ aṣọ́lé ní tirẹ̀ sábà máa ń tètè mọ iṣẹ́ aṣọ́wíkẹ́ẹ̀tì, ẹni tó ń dúró lẹ́yìn wíkẹ́ẹ̀tì láti gba bọ́ọ̀lù.

Ohun tó ń lé àgbàlagbà sá ni ìtìjú. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lè ju bọ́ọ̀lù kí ó wó wíkẹ́ẹ̀tì ẹni tó bí bàbá rẹ̀, kí ó sì pariwo ayọ̀ lójú rẹ̀. Kò sí àfojúdi nínú rẹ̀. Tí eré bá parí, ọmọ náà yóò dọ̀bálẹ̀ kí àgbà náà bó ṣe yẹ, wọ́n á sì jọ jẹun.

Èló ni yóò ná mi, kí sì ni mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rà?

Ẹ má tíì ra nǹkan kan ní oṣù àkọ́kọ́. Ẹgbẹ́ tó bá dára ní àpò irinṣẹ́ tí gbogbo ènìyàn ń lò: báàtì, páàdì ẹsẹ̀, ìbọ̀wọ́, àti akoto tó ní irin níwájú. Ẹ wọ bàtà tí kì í yọ̀, ẹ wọ fìlà, kí ẹ sì gbé omi lọ́wọ́. Ohun tí a ó gbà yín níyànjú láti kọ́kọ́ fi owó ara yín rà ni ike tó ń dáàbò bo abẹ́ ọkùnrin, nítorí pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni yá irú rẹ̀ lò, lẹ́yìn náà kí ẹ ra ìbọ̀wọ́ tó bá ọwọ́ yín mu.

Báàtì ló wọ́n jù. Igi wílò ni wọ́n fi ń ṣe ojúlówó rẹ̀ nítorí pé ó fúyẹ́, kì í sì í tètè là bí bọ́ọ̀lù líle bá bà á. Fífẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 10.8 lọ, gígùn rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kọjá 96.52. Káfíńtà wa lè gbẹ́ èyí tí ọmọdé yóò fi ṣe ìdánrawò pẹ̀lú bọ́ọ̀lù tẹ́nìsì, ó sì dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ igi ilẹ̀ wa wúwo jù fún ọwọ́ tó fẹ́ gbé báàtì fún wákàtí kan. Báàtì tuntun kò ṣeé gbé lọ sínú ìdíje lójú ẹsẹ̀. A máa ń fi òróró linseed díẹ̀ pa ojú rẹ̀, a ó jẹ́ kí ó mu ún, lẹ́yìn náà ni a ó máa fi òòlù onígi kàn án wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, pàápàá jù lọ ní etí rẹ̀ àti ní ìdí, títí ojú igi náà yóò fi kì. Ẹni tó bá fo ìgbésẹ̀ yìí yóò rí i kí báàtì olówó iyebíye la ní ófà kejì.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà tún wà níbẹ̀. Àpò kíríkẹ́ẹ̀tì gùn, awakọ̀ Micra tó ti kó ènìyàn mẹ́rin sẹ́yìn kò sì ní inú dídùn sí i. Ẹni mẹ́ta tí wọ́n bá ń gbé ọ̀nà kan náà máa ń pawọ́ pọ̀ san owó ọkọ̀ kan.

Níbo ni wọn yóò fi mí sí nínú ikọ̀?

Ẹni tuntun sábà máa ń lu bọ́ọ̀lù ní ipò kẹsàn-án sí ìkọkànlá, kò sì ní ju bọ́ọ̀lù púpọ̀. Èyí lè mú kí ó lo odidi ọ̀sán lórí ìdúró láì fọwọ́ kan báàtì. Ọ̀pọ̀ ló ń fi eré sílẹ̀ níbi yìí, nígbà tó jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ni ìtàn eré wọn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tí balógun ikọ̀ ń wò lára ẹni tuntun ni bó ṣe ń ṣọ́ pápá. Ṣé ó ń rìn bọ̀ síwájú díẹ̀ bí ajubọ́ọ̀lù bá ti ń sáré bọ̀? Ṣé ó ń wo ọwọ́ balógun? Nígbà tí bọ́ọ̀lù bá ń yí bọ̀ lórí ilẹ̀ gbágungbàgun, ṣé ó ń fi orúnkún kan lélẹ̀ lẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó yẹ ọwọ́ má baà kọjá? Ẹni tó bá gba rọ́ọ̀nù mẹ́wàá sílẹ̀ lọ́nà yìí ti ran ikọ̀ lọ́wọ́ bí ẹni tó lu mẹ́wàá, àmọ́ ìwé kò ní fi orúkọ rẹ̀ sí i. Balógun tó gbọ́n kì í gbàgbé rẹ̀.

Láàárín ọdún díẹ̀, ipò á máa yí padà. Àwọn kan á gòkè díẹ̀díẹ̀ láti ìkọkànlá títí dé ìkarùn-ún. Àwọn kan yóò rí i pé jíju bọ́ọ̀lù ni a dá wọn fún. Ó wọ́pọ̀ kí ajubọ́ọ̀lù eléré sísá sọ ìyára rẹ̀ kù bí ó bá ti ń tó ogójì ọdún, kí ó sì sọ ara rẹ̀ di ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù tó ń yí. A gbà pé ẹni tó bá gbà láti yí iṣẹ́ rẹ̀ padà nígbà mẹ́ta nínú ìgbésí ayé eré rẹ̀ ni yóò pẹ́ jù lórí pápá.

Báwo ni a ṣe ń mú bọ́ọ̀lù yí?

Ẹ jẹ́ kí a mú èyí tó rọrùn jù fún ajubọ́ọ̀lù ọlọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹ wo okùn tí wọ́n rán yí bọ́ọ̀lù ká. Ẹ fi ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín dá a ní ìbú, kí àlàfo díẹ̀ wà láàárín ìka méjèèjì, kí àtàǹpàkò sinmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ láì dì í mú. Nígbà tí apá bá ti kọjá orí, ìka ìfábẹ̀lá ni yóò fa okùn náà wálẹ̀ sí ọ̀tún, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń yí ọwọ́ ilẹ̀kùn láti ṣí i. Tí ẹ bá ṣe é dáadáa, ẹ ó máa gbọ́ ìró bọ́ọ̀lù bí ó ti ń yí nínú afẹ́fẹ́, bí ó bá sì kan ilẹ̀, yóò yà wọlé bọ̀ sí ara alubọ́ọ̀lù ọlọ́wọ́ ọ̀tún.

Orí ẹní tí a tẹ́ sórí kọnkéré, bọ́ọ̀lù máa ń ga, ó sì máa ń di ẹní mú ju bí ó ti ń di ilẹ̀ koríko mú lọ, nítorí náà Ìbàdàn jẹ́ ibi tó dára fún ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí. Ìka yóò bó ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ sinmi kí ó jinná, ẹ má fi agídí gbá a lọ.

Ìgbà wo nínú ọdún ni eré ń lọ?

Òjò ló ń pinnu. Òjò ń bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn láàárín oṣù Kẹta sí Ìkẹrin, ó ń le ní oṣù Kẹfà àti Ìkeje, ó máa ń dá díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, kí ó tó tún padà títí dé oṣù Kẹwàá. Oṣù Kọkànlá sí Ìkejì ló dára jù fún ìdíje, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọyẹ́ lè bo ojú ọ̀run ní òwúrọ̀ débi pé alubọ́ọ̀lù kò ní tètè rí bọ́ọ̀lù, tí ìrì á sì mú kí ẹní yọ̀. Ní ìgbà òjò, koríko pápá máa ń ga, bọ́ọ̀lù tí ì bá yí dé ààlà á sì dúró ní ìdajì ọ̀nà. Nítorí èyí, a máa ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ pé rọ́ọ̀nù 30 ní oṣù Kẹfà níyì ju 50 ní oṣù Kejìlá lọ.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá mo ń tẹ̀síwájú?

Ìṣirò méjì ni ó ṣe pàtàkì. Fún alubọ́ọ̀lù, ẹ fi iye ìgbà tó jáde pín gbogbo rọ́ọ̀nù rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé iye ìgbà tó *jáde* ni, kì í ṣe iye ìgbà tó wọlé. Ká ní ẹ wọlé ní ìgbà 14 nínú sáà kan, tí wọn kò rí yín mú jáde ní ìgbà 4, tí rọ́ọ̀nù yín sì jẹ́ 180, ẹ ó fi 10 pín 180, ìpíndọ́gba yín jẹ́ 18. Fún ajubọ́ọ̀lù, ẹ fi iye wíkẹ́ẹ̀tì tó mú, ìyẹn iye alubọ́ọ̀lù tó lé jáde, pín rọ́ọ̀nù tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ju ófà 96, tó fi rọ́ọ̀nù 408 sílẹ̀, tó sì mú wíkẹ́ẹ̀tì 24, ní ìpíndọ́gba 17. Ó ń fi rọ́ọ̀nù 4.25 sílẹ̀ ní ófà kọ̀ọ̀kan, ó sì ń mú wíkẹ́ẹ̀tì kan nínú bọ́ọ̀lù 24. Ti alubọ́ọ̀lù, bó bá ṣe ga tó ló ṣe dára tó. Ti ajubọ́ọ̀lù, bó bá ṣe kéré tó ni.

Ìpíndọ́gba tó lókìkí jù lágbàáyé jẹ́ ti Don Bradman ọmọ Ọsirélíà, 99.94. Ó wọlé ní ìgbà 80 nínú ìdíje Test 52, ìyẹn eré ọlọ́jọ́ púpọ̀ láàárín orílẹ̀-èdè, ó lu rọ́ọ̀nù 6,996, wọn kò rí i mú jáde ní ìgbà 10. Nígbà tó wọlé fún ìgbà ìkẹyìn ní London ní ọdún 1948, rọ́ọ̀nù 4 péré ló kù kí ìpíndọ́gba rẹ̀ pé 100, bọ́ọ̀lù kejì sì wó wíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ láì ní ẹyọ kan. Ohun tó jẹ́ kí gbogbo ayé mọ èyí títí di òní ni pé ẹnìkan jókòó, ó sì kọ bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan sílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìpíndọ́gba ẹgbẹ́ kan wé ti òmíràn. Pápá yàtọ̀, ẹní yàtọ̀, agbára àwọn alátakò náà yàtọ̀. Ẹ fi ti ọdún yìí wé ti ara yín ní ọdún tó kọjá.

Báwo ni a ṣe ń kọ ìwé eré, ta ló sì yẹ kó kọ ọ́?

Ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ló yẹ kó ní ìwé tirẹ̀ àti akọ̀wé tirẹ̀. Ní ojú ewé kan, ẹ ó kọ orúkọ àwọn alubọ́ọ̀lù bí wọ́n ṣe ń wọlé, níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan ni ẹ ó ti máa kọ rọ́ọ̀nù rẹ̀ ní ẹyọ ẹyọ, 1, 4, 2, 1, kì í ṣe àpapọ̀ nìkan. Tó bá jáde, ẹ ó kọ bó ṣe jáde, ẹni tó hán an àti ẹni tó ju bọ́ọ̀lù. Nísàlẹ̀ ni ti àwọn ajubọ́ọ̀lù: àpótí kékeré kan fún ófà kọ̀ọ̀kan, nínú èyí tí àmì tóótó dúró fún bọ́ọ̀lù tí kò mú nǹkan wá, nọ́ńbà dúró fún rọ́ọ̀nù, W sì dúró fún wíkẹ́ẹ̀tì. Ófà tí kò sí rọ́ọ̀nù kankan nínú rẹ̀, a máa ń fa ìlà so àmì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀ kí ó di M. Ní ìparí ófà kọ̀ọ̀kan, akọ̀wé méjèèjì yóò bára wọn sọ àpapọ̀. Bí iye bá yàtọ̀, ìgbà yẹn ni kí wọ́n tún un ṣe, torí pé kò sẹ́ni tó máa rántí rẹ̀ lẹ́yìn ófà mẹ́ta.

Bírò dára ju lẹ́ẹ̀dì lọ fún àpapọ̀, lẹ́ẹ̀dì sì dára fún àárín ófà. Ẹ kọ ọjọ́, ibi ìdíje, ikọ̀ tó kọ́kọ́ lu bọ́ọ̀lù, àti odidi orúkọ. "Bọ̀ọ̀dá Fẹ́mi" tí gbogbo ènìyàn mọ̀ lónìí kò ní yé ẹni tó bá ṣí ìwé náà ní ogún ọdún sí i. A tún ń rọ àwọn ẹgbẹ́ pé kí wọ́n ya fọ́tò ojú ewé náà pẹ̀lú fóònù kí wọ́n tó kúrò ní pápá, kí ènìyàn méjì ó kéré tán sì tọ́jú rẹ̀. Òjò, ikán àti ìkọ́lé ti gba ọ̀pọ̀ ìtàn eré lọ́wọ́ wa ní ìlú yìí, ó sì ń dùn wá wọra.

Ta ló ń ṣe ọ́mpáyà?

Ní ìdíje ẹgbẹ́ àdúgbò, àwọn ọmọ ikọ̀ tó ń lu bọ́ọ̀lù, tí kò tíì kàn, ló sábà máa ń dúró bí ọ́mpáyà, adájọ́ eré. Ìyẹn ni pé ọ̀rẹ́ yín ni yóò sọ pé kí ẹ jáde. Iṣẹ́ líle ni, ó sì ń fi ìwà ènìyàn hàn ju ohunkóhun lọ nínú eré yìí. Bí ẹ bá mọ̀ pé bọ́ọ̀lù fara kan báàtì yín kí wọ́n tó hán an, ẹ máa lọ láì dúró de ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni. Bí ọ́mpáyà bá sì sọ pé ẹ jáde nígbà tí ẹ mọ̀ pé ẹ kò jáde, ẹ jáde náà ni. Ẹ má mi orí, ẹ má sì fi báàtì lu ilẹ̀.

Ṣé eré yìí léwu?

Bọ́ọ̀lù kíríkẹ́ẹ̀tì tí àwọn ọkùnrin ń lò wúwo tó gíráàmù 155.9 sí 163, awọ ló bò ó, ó sì le. Ẹni tó bá ń lu bọ́ọ̀lù líle gbọ́dọ̀ dé akoto, ọmọdé kò gbọdọ̀ wọ inú àwọ̀n ìdánrawò láìdé e. Ìka ló ń fara gbọgbẹ́ jù. Tí ìka bá wú tàbí tó wọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á lórí pápá, ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Fún àwọn ọmọ tó ń ju bọ́ọ̀lù eléré sísá, ẹ̀yìn ni ẹ ṣọ́. Egungun ẹ̀yìn ọmọ tí kò tíì dàgbà tán lè là bí wọ́n bá ń jẹ́ kí ó jù láìsinmi, akọ́nimọ̀ọ́gbá tó bá rí i pé ọmọ ń di ìbàdí mú gbọ́dọ̀ gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọbìnrin mi fẹ́ gbá a. Ṣé àyè wà fún un?

Àyè wà, ó sì gbòòrò ju bí àwọn òbí ṣe rò lọ. Ní ogúnjọ́ oṣù Kínní ọdún 2025, ní Kuching ní orílẹ̀-èdè Malaysia, ikọ̀ àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà tí ọjọ́ orí wọn kò tíì pé 19 na New Zealand nínú ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Òjò ti gé eré náà kù sí ófà 13. Nàìjíríà lu 65, New Zealand sì dúró sórí 63. Lucky Piety ni balógun wọn, Lillian Udeh ló ju ófà ìkẹyìn nígbà tí New Zealand ń wá rọ́ọ̀nù 9, wọn kò sì rí i. Orílẹ̀-èdè tó ti ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì láti ayébáyé ni wọ́n nà, rọ́ọ̀nù méjì péré ló sì là wọ́n láàárín.

Bọ́ọ̀lù àwọn obìnrin fúyẹ́ díẹ̀, gíráàmù 140 sí 151. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ bóyá obìnrin wà lára àwọn tó ń kọ́ni, bóyá ibi ìpààrọ̀ aṣọ wà, àti ìgbà tí ìdánrawò ń parí, kí ọmọ má baà máa wá ọkọ̀ nínú òkùnkùn. Ẹgbẹ́ tí kò bá ní ìdáhùn gidi sí ìbéèrè wọ̀nyí kò tíì ṣetán láti gba ọmọ yín.

Ṣé mo lè ti ẹgbẹ́ àdúgbò dé ikọ̀ Nàìjíríà?

Ó ṣeé ṣe fún ọ̀dọ́, ṣùgbọ́n kí òbí má fi ṣe ìlérí. Ọ̀nà tó wà ni ilé ẹ̀kọ́, ikọ̀ ìpínlẹ̀, àjọ̀dún eré ìdárayá ti orílẹ̀-èdè, kí àwọn tó ń yan ènìyàn tó ríni. Ikọ̀ àwọn ọmọkùnrin tí kò tíì pé 19 dé Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé fún ìgbà àkọ́kọ́ ní South Africa ní ọdún 2020. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, ní Èkó, ikọ̀ àgbà ti àwọn ọkùnrin Nàìjíríà lu 271 lójú Ivory Coast, wọ́n sì lé gbogbo àwọn yẹn jáde pẹ̀lú rọ́ọ̀nù 7. Selim Salau nìkan lu 112. Àwọn tó ṣe èyí bẹ̀rẹ̀ lórí pápá bíi tiwa.

Ẹni tó ti kọjá ọdún 25 tí wọn kò tíì mọ̀ ní ìpínlẹ̀ rẹ̀, kí ó fi ọkàn sí ẹgbẹ́ rẹ̀. Jíjẹ́ ẹni tí ikọ̀ kan gbẹ́kẹ̀ lé fún ogún ọdún kì í ṣe ohun kékeré.

Ìgbà wo ló yẹ kí n fẹ̀yìn tì?

Nígbà tí ojú kò bá rí bọ́ọ̀lù mọ́ títí ó fi sún mọ́ra jù, tàbí nígbà tí ẹ bá mọ̀ pé ọ̀dọ́ kan jókòó síta nítorí ipò yín. Kí ó tó dé orí ìyẹn, ẹ lè sọ̀kalẹ̀ sí ikọ̀ kejì kí ẹ máa darí àwọn ọmọ láti inú pápá, nítorí pé ohun tí àgbà ń kọ́ ọmọ láàárín ófà méjì kì í sí nínú àwọ̀n ìdánrawò. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ́mpáyà àti akọ̀wé eré ṣì wà láti ṣe, àwọn méjèèjì sì ṣọ̀wọ́n ní Ìbàdàn.

Ìwé tí wọ́n kọ eré mi sí ti sọnù. Ṣé mo tún lè rí ìtàn eré mi kó jọ?

Ẹ lè rí púpọ̀ nínú rẹ̀. Níwọ̀n bí ikọ̀ méjèèjì ti máa ń kọ ìwé, ojú ewé tó sọnù ní ọ̀dọ̀ yín lè wà nínú ìwé àwọn tí ẹ bá díje. Ẹ kọ orúkọ àwọn ẹgbẹ́ tí ẹ bá gbá sílẹ̀ ní ọdọọdún, ẹ wá akọ̀wé wọn tàbí balógun wọn ìgbà yẹn rí, kí ẹ sì béèrè fún àyè láti ya fọ́tò. Ẹ wo ìwé ìròyìn ilé ẹ̀kọ́ yín, ẹ béèrè lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti jáde, ẹ wo ẹ̀yìn fọ́tò ikọ̀, torí pé àwọn kan máa ń kọ èsì síbẹ̀. Ohun tí ẹ bá fi ìrántí nìkan mọ̀, ẹ kọ ọ́ sí ojú ewé ọ̀tọ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́ sí i, kí ó má baà dà pọ̀ mọ́ èyí tí ìwé jẹ́rìí sí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tó dàgbà jù nínú wọn.